Olè Tó Fi Páànù Tuntun Sílẹ̀

Mo ti bá oríṣiríṣi olè pàdé lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Mo ti mú èyí tó jí bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan. Mo ti mú èyí tí oorun gbé lọ lórí bẹ́ẹ̀dì ẹni tó wá jà lólè. Ṣùgbọ́n olè tó wọ ilé onílé, tó mú ohun tó ti gbó tó ti dógùn-ún, tó wá fi tuntun tó ń dán sílẹ̀ dípò rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, irú olè wo nìyẹn? Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bí wọ́n bá ń jalè báyìí, èmi gan-an á ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Mo ní rédíò kan nílé tó yẹ kí wọ́n wá bá mi wò.

Ohun tí mo sọ fún ọ̀gá mi nìyẹn bí a ṣe ń wọ ọgbà Olùkọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin kúkúrú ni, ó máa ń rìn bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ẹ-Dúró-Ná ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn nígbàkígbà tí a bá ti rí ẹni tó wù wá láti mú. Èmi ni sájẹ́ńtì rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró.

Mọ́tò tí wọ́n torí ẹ̀ pè wá wà láàárín ọgbà, wọ́n ti ṣí bọ́nẹ́tì rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ mọ́tò yẹn nílùú wa. Aláwọ̀ ewé ni, imú rẹ̀ gùn, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ju tèmi lọ. Òun ni Olùkọ́ fi kọ́ ìdajì ìlú ní ọkọ̀ wíwà kó tó fẹ̀yìntì. Bíréèkì méjì ló ní: ọ̀kan lẹ́sẹ̀ awakọ̀, ọ̀kan lẹ́sẹ̀ ìjókòó kejì níbi tí Olùkọ́ máa ń jókòó sí, kó lè dá mọ́tò dúró kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé e wọ inú ilé ẹlòmíì. Èmi náà kọ́ ọkọ̀ níbẹ̀. Léraléra ni Olùkọ́ ń dá mi padà, ó ní mo ń wa mọ́tò bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí àgbàdo. Mi ò tíì dárí jì í.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọlọ́pàá." Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn ló kí wa. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìwé ọkọ̀ ni. Ọ̀gbẹ́ni Òfin ni wọ́n ń pè é láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ òun rò pé wọ́n ń yìn ín ni. "Mo wá yẹ mọ́tò yìí wò, kí n lè fún un ní ìwé mọ́tò àtijọ́. Mo ṣí bọ́nẹ́tì. Ẹ wá wo ohun tí mo bá."

Páànù nọ́ńbà ló bá. Kì í ṣe nọ́ńbà tí gbogbo ayé ń rí nídìí mọ́tò o. Èyí tí mò ń wí ni páànù kékeré tí àwọn tó ṣe mọ́tò máa ń kàn mọ́ ọn lára lábẹ́ bọ́nẹ́tì, tí wọ́n tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ sí. Orúkọ àbísọ mọ́tò nìyẹn. Ti mọ́tò Olùkọ́ ti ṣú, ó ti họ, etí rẹ̀ ti ń jẹ. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ń dán débi pé mo rí irùngbọ̀n mi nínú rẹ̀, mo sì rí i pé ó yẹ kí n fá a.

"Páànù tuntun lára mọ́tò àtijọ́," Ọ̀gbẹ́ni Òfin ní. "Bí wọ́n ṣe máa ń fi orúkọ ọmọlúàbí bo mọ́tò olè mọ́lẹ̀ nìyẹn. Mo ti lẹ ìwé mọ́ páànù náà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ti pe ọkọ̀ tó máa wọ́ mọ́tò náà lọ sí ọgbà ìjọba. Bí páànù àtilẹ̀wá bá jáde kí ọkọ̀ náà tó wọ́ ọ jáde, ọ̀rọ̀ ti tán. Bí kò bá jáde, kò sí ohun tí mo lè ṣe."

Gbogbo wa la mọ ọgbà ìjọba. Mọ́tò tó bá wọ ibẹ̀ lónìí, táyà rẹ̀ á ti rìn lọ kó tó di ọ̀la, gíláàsì rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Egungun ni wọ́n máa ń dá padà fún ẹni tó ni ín.

"Ìwọ ọmọ yìí, ojú ò tì ẹ́." Olùkọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà gíga ni, ó so táì mọ́rùn bí ìgbà tó ṣì ń lọ síbi iṣẹ́. "Mọ́tò tí mo fi kọ́ ẹ lò ń pè ní mọ́tò olè."

Èmi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Òfin ló sọ̀rọ̀. Ó dùn mí.

"Bàbá, kì í ṣe èmi, sà. Ọ̀gbẹ́ni Òfin ni."

"Ìkan náà ni yín," Olùkọ́ ní. "Kò sí èyí tó mọ mọ́tò wà nínú yín."

Ọ̀gbẹ́ni Òfin na ìwé kan sí i. Olùkọ́ gbà á, kò tiẹ̀ wò ó, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀ tó jókòó sórí àga gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Màmá, kà á sí mi létí. Gíláàsì mi wà nínú ilé." Gíláàsì náà wà níwájú orí rẹ̀.

Màmá ka ìwé náà jẹ́jẹ́. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó pààrọ̀ páànù máa ṣẹ̀wọ̀n, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Olùkọ́ ní. "Ẹni tó fọwọ́ kan mọ́tò mi, ì báà ṣe ọmọ ìyá mi, kó lọ sẹ́wọ̀n. Tó bá sì dé, n kò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí wọ́n á fi sin mí."

Màmá pa ìwé náà pọ̀, ó tún un pa, ó tún un pa, títí tí kò fi ṣeé pa mọ́.

Èmi ti rí ọ̀nà. Mo fa ọ̀gá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọ̀gá, nọ́ńbà tó wà lára tuntun yìí bá ìwé mọ́tò mu. Bẹ́ẹ̀, ti àtijọ́ ti họ débi pé kò ṣeé kà tán. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà yẹn délẹ̀ lolè. Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó mọ̀ ọ́n."

"Sájẹ́ńtì, dúró ná. Kí ni nọ́ńbà mọ́tò yìí?"

"Mẹ́ta, méje, òdo, mẹ́fà, mẹ́fà, méjì." Ẹnu mi ti sọ ọ́ tán kí n tó mọ̀. Mo tún gbọ́ ohùn ẹlòmíì tó ń bá mi kà á. Ọ̀gbẹ́ni Òfin ni, ó ti ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé.

Mo ti gbàgbé. Olùkọ́ kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ kan sítíárìn àfi tó bá kọ́kọ́ ka nọ́ńbà náà lórí. Ó ní èèyàn kì í gun ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Bó ṣe di pé ìdajì ìlú lolè nìyẹn.

"Kì í ṣe páànù nìkan," Olùkọ́ ní. "Láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mọ́tò yìí ti ń dún. Mẹkáníìkì ti tú ìjókòó, ó ti tú páìpù èéfín, kò rí i." Ó nawọ́ wọlé, ó tan ẹ́ńjìnì. Lóòótọ́, nǹkan kan ń dún níbì kan: kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́.

Ẹ-Dúró-Ná tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́ ọ. "Bàbá, ẹ̀yin náà máa ń ṣí bọ́nẹ́tì, àbí?"

"Lárààárọ̀. Mo ń wo omi, mo ń wo epo."

"Ẹ ò wá rí páànù tuntun láti ọjọ́ Ẹtì?"

Olùkọ́ wúkọ́. "Omi àti epo ni mo sọ pé mò ń wò."

Ọ̀gá mi ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ inú rẹ̀. Rọ́bà orí bíréèkì olùkọ́ ń dán, ó ti fẹ́ jẹ tán. Ọ̀gá mi fi ìka tọ́ ọ.

"Ṣé ẹ ṣì ń kọ́ èèyàn lọ́kọ̀ ni?"

"Mo ti fẹ̀yìntì. Èmi ló ń wà á, ìyàwó mi a sì máa jókòó síbẹ̀yẹn."

"Màmá náà mọ ọkọ̀ wà?"

"Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo gbìyànjú àtikọ́ ọ," Olùkọ́ ní. "Ó ní òun fẹ́ràn ìgbéyàwó òun ju láísẹ́ńsì lọ."

Ẹ-Dúró-Ná wo Màmá. Màmá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé," mo ní bí a ṣe jáde. "Ọ̀gá, mẹkáníìkì ni. Òun ló tún mọ́tò yìí ṣe, ó kùn ún lọ́dà, ojoojúmọ́ ló sì ń ráhùn pé páànù àtijọ́ yẹn ń ba iṣẹ́ òun jẹ́."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká lọ kí i."

Ọgbà mẹkáníìkì kò jìnnà. Àwọn mọ́tò kún ibẹ̀ fọ́fọ́, gbogbo wọn kọjú síra bí àwọn tó ń ṣòfófó. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin onírẹ̀lẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun rí páànù tuntun náà lọ́jọ́ Ẹtì tí Olùkọ́ pe òun pé mọ́tò ń dún. Ó ní lọ́jọ́ Ọjọ́rú, nígbà tí òun yí epo rẹ̀, ti àtijọ́ ló wà níbẹ̀.

"O rí i, o ò sọ̀rọ̀?" mo bi í.

"Mo rò pé Olùkọ́ ló fi síbẹ̀ ni. Mo ní ó ti gbọ́ tèmi nígbẹ̀yìn, inú mi dùn."

"Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ṣe é nígbà náà. Níbo lo wà lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀?"

"Mo lọ síbì kan."

"Ibo nìbì kan?"

"Ibì kan ṣá."

Mo ti yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Kò sí aláìṣẹ̀ kan láyé tó ń lọ síbì kan ṣá.

"Sájẹ́ńtì, dúró ná," ọ̀gá mi ní. "Mẹkáníìkì, jọ̀ọ́, bá mi sún mọ́tò pupa yẹn sẹ́yìn, ó dí mi lọ́nà."

Kọ́kọ́rọ́ wà lára mọ́tò náà. Mẹkáníìkì kò wọ inú rẹ̀. Ó pe àwọn ọkùnrin méjì tó ń pa táyà, ó ní kí wọ́n wá tì í.

"Kí ló dé tí o ò kàn wà á?"

"Epo ti tán nínú ẹ̀, mà."

Ẹ-Dúró-Ná yọjú wo inú mọ́tò náà, ó yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀. Ọwọ́ tó ń sọ iye epo gòkè tààrà, ó dúró síbi tó kún. Ó yí padà sí mẹkáníìkì, ohùn rẹ̀ tutù. "Ilé ìwé awakọ̀ wo lò ń lọ?"

Mẹkáníìkì fi ọwọ́ elépo bo ojú, ojú rẹ̀ sì di dúdú lójú ẹsẹ̀. "Ẹ má sọ fún Olùkọ́, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tó bi mí rí bóyá mo mọ̀ ọ́n wà. Gbogbo wọn ló gbà pé mo mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ fi máa yé mi, mo ti di ọ̀gá, ẹnu mi ò sì gbà á láti béèrè mọ́. Ilé ìwé òdìkejì ìlú ni mò ń lọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Bí Olùkọ́ bá gbọ́ pé ẹlòmíì ló ń kọ́ mi, á pa mí."

Mo rọra dá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ padà sápò. Mo rántí pé òun ló ń tún mọ́tò àgọ́ ọlọ́pàá wa ṣe, tó ń sọ fún wa pé òun ti wà á yíká ìlú, kò sí ewu.

"Ta ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ Olùkọ́?" ọ̀gá mi bi í.

"Bẹ́líìtì rẹ̀ ló ń so ó mọ́. Àfi tó bá sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Bó bá ti sùn, ẹ lè gbé òun gan-an lọ, kò ní mọ̀."

Nígbà tí a padà sójú títì, mo jókòó sórí òkúta kan. Ebi ń pa mí, mi ò sì rí ẹni mú. Ọ̀gá mi dúró tì mí.

"Sájẹ́ńtì, ronú sí páànù yẹn. Ihò méjì ni ti mọ́tò máa ń ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Èyí ní skúrù ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Idẹ ni. Nọ́ńbà rẹ̀ tóbi, wọ́n sì fín ewé wínníwínní yí etí rẹ̀ ká. Níbo lo ti rí irú rẹ̀ rí?"

Mo ronú. "Ẹnu ilẹ̀kùn dókítà?"

"Ti dókítà kì í ní ewé. Ẹni tí dókítà kò rí wò sàn ńkọ́?"

Bí a ṣe dé ṣọ́ọ̀bù Sùn-un-re nìyẹn. Ọkùnrin tó ń ṣe páànù orúkọ sára pósí ni, bẹ́ẹ̀ ni ìnagijẹ rẹ̀ ṣe wá, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń fín sí ìsàlẹ̀ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó sanra, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó wo èjìká mi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe pé ó ń kí mi, ó ń wọ̀n mí ni.

"Ẹ ṣe páànù kan fún mọ́tò," ọ̀gá mi ní.

"Èmi kọ́. Òkú nìkan ni mò ń bá ṣe. Òkú kì í kó ọlọ́pàá wọlé tọ èèyàn."

"Ẹ sọ òtítọ́," mo ní, "ẹ̀wọ̀n wà lọ́rọ̀ yìí o." Bí mo ṣe dárúkọ ẹ̀wọ̀n ló pa ẹnu dé pátápátá. Ọ̀gá mi wò mí bí ìgbà tí mo da omi síná tó ń dá.

Ọ̀gá mi fà sẹ́yìn, ó ń wo àwọn iṣẹ́ tó wà lórí tábìlì. "Iṣẹ́ yín mọ́ o. Bí àṣìṣe bá wà nínú orúkọ ńkọ́, tí ẹ ti kàn án mọ́ pósí tán?"

Ojú Sùn-un-re là. Ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, kó o ṣáà ti bi í nípa iṣẹ́ náà. "Ìyẹn ò le. Ẹ wo èyí." Ó gbé ìdérí pósí kan nílẹ̀. "A kàn án tán ni àwọn ẹbí wá ń sọ pé olóyè ni bàbá wọn. Mo ṣe òmíràn, mo kàn án lé e."

"Ẹ ò yọ ti tẹ́lẹ̀?"

"Èwọ̀ iṣẹ́ wa ni. A kì í yọ orúkọ kúrò lára ohun tó bá ti jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá yọ orúkọ ẹlòmíì, ta ni yóò fi tirẹ̀ sílẹ̀? Tuntun la máa ń gbé lé àtijọ́ lórí, a ó fi skúrù dè é ní igun mẹ́rin."

Ẹ-Dúró-Ná gba ìdérí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mì ín díẹ̀. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́.

"Ó máa ń dún bẹ́ẹ̀ tí a ò bá de ti ìsàlẹ̀ dáadáa," Sùn-un-re ní. "Ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà mi tó ráhùn rí."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Ẹni tó bẹ̀ yín níṣẹ́ mọ́tò yẹn, ó ní kí nọ́ńbà náà tóbi gàdàgbà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Ó ní kó tóbi débi tí ènìyàn á fi lè..." Sùn-un-re gé ọ̀rọ̀ náà láàárín. "Mi ò sọ nǹkan kan o."

"Ẹ ò sọ nǹkan kan. Ẹ ṣeun."

Ojú ọ̀nà ni mo ti sọ ọ́ jáde. "Páànù àtijọ́ wà lábẹ́ tuntun. Olè kò mú nǹkan kan lọ. Òun náà ló ń dún."

"Òun ni."

"Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká sáré."

Kò sáré. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó ń wo ilẹ̀. "Sájẹ́ńtì, ta ló nílò nọ́ńbà gàdàgbà?"

"Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa." Mo dúró. Mo rántí páànù tó ń dán bíi dígí tí ẹnìkan ń ṣí bọ́nẹ́tì lé lórí lárààárọ̀ tí kò rí i. Mo rántí ìwé tí wọ́n kà sí i létí. Mo rántí èébú tí mo gbà fún Ọ̀gbẹ́ni Òfin. "Olùkọ́? Olùkọ́ tó ń wa mọ́tò káàkiri ìlú?"

"Òun ló ń yí sítíárìn. Ìyàwó rẹ̀ ló ń dá mọ́tò dúró. O ò rí rọ́bà bíréèkì yẹn ni? Olùkọ́ ti fẹ̀yìntì, kò sí akẹ́kọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ Màmá ló jẹ ẹ́. Kò sì sí ẹlòmíì tó mọ̀ pé ojú Olùkọ́ ti ń ṣú. Màmá mú kọ́kọ́rọ́ nígbà tí Olùkọ́ sùn, ó mú Sùn-un-re wá. Ó fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ tún lè rí nọ́ńbà tó fẹ́ràn."

Inú mi bà jẹ́, mo sì ń ka iye ìgbà tí mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí mo ń juwọ́ sí mọ́tò yẹn bó ṣe ń bọ̀ tààrà.

"Bí mo bá sọ gbogbo rẹ̀ lójú Ọ̀gbẹ́ni Òfin," ọ̀gá mi ní, "mo ti dójú ti àgbàlagbà níwájú gbogbo ayé. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, á pa èèyàn lọ́jọ́ kan."

"Kí wá la máa ṣe?"

"A máa dúró ná."

Ọkọ̀ awọ́mọ́tò ti dé kí a tó dé. Ó gba gbogbo ẹnu géètì, wọ́n sì ti ń na ẹ̀wọ̀n irin rẹ̀ sábẹ́ imú mọ́tò aláwọ̀ ewé. Olùkọ́ dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé òrùlé mọ́tò náà.

"Ọ̀gbẹ́ni Òfin," Ẹ-Dúró-Ná ní, "ẹ tú páànù yẹn."

"Kò ṣeé ṣe. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Bí ẹ ò bá kọ ọ́ ni, a ì bá ti rí ohun tí à ń wá láti ọ̀sán."

Ọ̀gbẹ́ni Òfin rò ó títí, ó ya ìwé ara rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ mi tú skúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Páànù idẹ bọ́ sí i lọ́wọ́. Páànù àtijọ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti họ, ó ti ṣú, ìṣó kan ṣoṣo ló ṣì dì í mú, òun ló sì ti ń jó láti ọjọ́ Ẹtì.

Olùkọ́ na àtàǹpàkò sí i, ó fi nù ún láti òsì dé ọ̀tún, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. "Òun ni," ó ní.

Ọ̀gbẹ́ni Òfin fi ìwé wò ó, ó ní òun ni lóòótọ́, ó ní kí wọ́n tú ẹ̀wọ̀n irin. Ojú tì í díẹ̀, ló bá tún gbọ́hùn sókè. "Ta ló wá kan tuntun lé e?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Olùkọ́ ní. "Ta ni?"

Mo fẹ́ dáhùn, ọ̀gá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Màmá dìde lórí àga gbọọrọ. "Èmi ni, Olùkọ́. Mo fẹ́ kó," ó ní, ó wo Ọ̀gbẹ́ni Òfin, ó wo èmi, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. "Mo fẹ́ kó dára lójú ni."

Gbogbo wa la gbọ́ ìbúra tí Olùkọ́ ṣe lọ́sàn-án. Olùkọ́ gba páànù idẹ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Òfin. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó tún gbé e sún mọ́ ọn. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó ń kà á. Kì í ṣe pé ó ń kà á lórí bíi tiwa o, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló ń rí, tó ń dúró lé, kó tó lọ sórí èkejì. Nígbà tó kà á tán, ó fi páànù náà sápò àyà, lẹ́bàá táì.

"Ẹ wa mọ́tò yín wọlé," Ọ̀gbẹ́ni Òfin ní, "kí ọkọ̀ wa lè ráàyè yí."

Olùkọ́ yọ kọ́kọ́rọ́ lára bẹ́líìtì, ó ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Ọ̀gá mi sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ tí èmi nìkan bá wọn gbọ́. "Bàbá, rọ́bà bíréèkì olùkọ́ ti fẹ́ tán o. Màmá ti ṣiṣẹ́."

Olùkọ́ mú ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn. Ló bá yọ láísẹ́ńsì rẹ̀ lápò, ó nà án síbi tó gbọ́ ohùn Ọ̀gbẹ́ni Òfin sí. "Gbà. Ìgbà tí mo fẹ̀yìntì, mi ò fẹ̀yìntì tán." Ó yí padà. "Màmá."

Orúkọ tó pè é yẹn nìkan, omi ti lé sójú mi. Mo ní eruku ni.

"Wá jókòó síbí," ó ní.

"Ẹ ó pariwo mọ́ mi."

"N kò ní pariwo."

"Kò ní láísẹ́ńsì," Ọ̀gbẹ́ni Òfin ní.

"Inú ọgbà ara rẹ̀ ni," ọ̀gá mi ní. "Òfin wo ló sọ̀rọ̀ nípa ọgbà onílé?" Ọkùnrin náà ronú, ó ronú, kò rí ọ̀kankan, ó sì hàn pé ó dùn ún. "Tó bá di ti ojú títì, Mẹkáníìkì mọ ilé ìwé kan tó dáa. Wọ́n lè jọ máa lọ."

"Mẹkáníìkì mọ kí ni?" Olùkọ́ bi í, ṣùgbọ́n ó ti jókòó sí ìjókòó olùkọ́, Màmá sì ti wà nídìí sítíárìn, ó ká ọwọ́ méjèèjì sítan. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Kí ni nọ́ńbà?" Olùkọ́ bi í.

"Mẹ́ta, méje, òdo, mẹ́fà, mẹ́fà, méjì."

"Tan án."

Ẹ́ńjìnì dáhùn, kò sí kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ kankan nínú rẹ̀ mọ́. Mọ́tò náà fò, ó dúró, ó tún fò. Ọ̀gbẹ́ni Òfin sá sẹ́yìn ọkọ̀ awọ́mọ́tò. Mo ń wo ẹsẹ̀ Olùkọ́ láti ẹnu ilẹ̀kùn tí wọn ò tì. Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, ó ká wọn sórí ìjókòó bí ọmọdé, kí ó má baà kan bíréèkì. Mọ́tò wọ inú ibùdó rẹ̀, ó fi imú kan ògiri ẹ̀yìn, gbì, bíríkì kan sì jábọ́.

Olùkọ́ tún táì rẹ̀ ṣe. "Ó yege," ó ní.

Mo yí sí ọ̀gá mi. Èmi tí wọ́n dá padà léraléra, tí mi ò kan ògiri ẹnikẹ́ni rí. Mo la ẹnu, mo fẹ́ béèrè ẹ̀tọ́ mi.

"Sájẹ́ńtì," Ẹ-Dúró-Ná ní, "dúró ná."